“Ó Bàjẹ́” àbí “Wọ́n Bà Á Jẹ́”? Ìtàn Àléébù Ara Fóònù

Ọ̀rọ̀ fóònù ni mo gbé wá lónìí. Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló pa onímọ̀ èdè pọ̀ mọ́ fóònù tí ojú rẹ̀ fọ́. Ìdáhùn mi kò gùn: orí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni gbogbo ìjà ọ̀hún dá lé.

Àwọn tó jókòó ní kíláàsì gírámà mi á rántí “bàjẹ́”. Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni. Tí mo bá ní “fóònù bàjẹ́”, mi ò dárúkọ ẹnì kankan. Nǹkan náà kàn bàjẹ́ ni, bí ẹni pé fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n tí mo bá la ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn sí méjì, tí mo fi fóònù sí àárín, “báyìí báyìí ba fóònù jẹ́”, èdè wa kò ní gbà kí n fi ipò olùwà sílẹ̀ lófìfo. Mo gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ṣe é. “Fọ́” náà ń hu irú ìwà yìí: “ojú fóònù fọ́”, “ọmọ yẹn fọ́ ojú fóònù”. Láti ìgbà tí fóònù olójú gíláàsì ti dé, ohun tí àwọn tó ń ṣe é àti àwọn tó ń rà á ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni orúkọ ẹni tó máa wà ní ipò olùwà yẹn. Owó àtúnṣe ló wà nídìí rẹ̀, torí ẹni tó bá jẹ́ olùwà ni yóò sanwó.

Ẹ jẹ́ ká tún ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ ká tó máa lọ. Nínú àròkọ yìí, “àléébù”, ọ̀rọ̀ tí a yá láti inú èdè Lárúbáwá, ni ohun tí fóònù bá wáyé láti ọwọ́ ẹni tó ṣe é. “Ìbàjẹ́” ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn tó dé ọwọ́ wa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí a bá fi ojú lásán wò wọ́n, àwọn méjèèjì jọra.

Fóònù tí kì í tètè fọ́

Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Lára àwọn fóònù tó gbajúmọ̀ nígbà náà ni Nokia 3310, tó jáde lọ́dún 2000. Ojú rẹ̀ kéré gan-an: àmì tóótó tó ń gbé àwòrán yọ kò ju 84 ní ìbú àti 48 ní òró. Ike ló bo ojú náà. Ọwọ́ lásán la fi ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Tí bátìrì bá ti kú, a ra òmíràn, a ki í sínú, ó parí. Nọ́ńbà ara bọ́tìnì a máa pa rẹ́, ike ojú rẹ̀ a máa họ. Àwọn àléébù wọ̀nyẹn kò dá ìjà sílẹ̀, torí pé ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ ni ohun tí oní-fóònù lè pààrọ̀ fúnra rẹ̀.

LCD là ń pe irú ojú tó ní. Ìtàn rẹ̀ jìn ju ti fóònù lọ. Lọ́dún 1888, Friedrich Reinitzer, onímọ̀ nípa ewéko tó ń ṣiṣẹ́ ní Prague, ń yẹ ohun kan tó yọ láti inú kárọ́ọ̀tì wò. Ó rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni nǹkan yìí ń yọ́. Ó kọ́kọ́ di omi tó ṣú bí omi ẹ̀kọ. Ìgbà tó tún gbóná sí i ló tó mọ́ gaara. Omi tó ṣú yẹn ń ṣàn bí omi yòókù, ṣùgbọ́n ohun inú rẹ̀ tò létòlétò bí ti òkúta iyọ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ ló wà láàárín gíláàsì méjì nínú ojú LCD. Iná mànàmáná ń darí rẹ̀, á sì máa dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà tàbí kó jẹ́ kó kọjá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí LCD bá fọ́ nínú, a máa ń rí àbàwọ́n dúdú tó ń ràn kálẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá da tàdáwà sórí aṣọ funfun.

Ike ń họ, gíláàsì ń fọ́

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007 ni Steve Jobs gbé iPhone àkọ́kọ́ síta fún aráyé rí. Kó tó dé ọjà lóṣù kẹfà, Apple ti yí ojú rẹ̀ padà láti ike sí gíláàsì. Iléeṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà ló bá wọn ṣe gíláàsì náà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú irú gíláàsì yìí le dára láti mọ̀. Wọ́n á rì í sínú iyọ̀ tó ti yọ́ nínú ooru gbígbóná. Sodium tó wà lójú gíláàsì á jáde, potassium tó tóbi jù ú lọ á sì fipá jókòó sí àyè rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fún èrò mẹ́rin sórí ìjókòó ẹni mẹ́ta nínú dánfó. Gbogbo wọn há mọ́ra wọn, àyè kò sí fún ẹnikẹ́ni láti mira. Bẹ́ẹ̀ ni ojú gíláàsì ṣe ń há mọ́ra, tí kọ́kọ́rọ́ inú àpò kò fi ní lè tètè họ ọ́.

Àmọ́ kò sí ohun tó dára tí kò ní tirẹ̀ lára. Ike a máa tẹ̀, a máa họ, ṣùgbọ́n kì í tètè fọ́. Gíláàsì kì í tètè họ, ṣùgbọ́n tí igun rẹ̀ bá fi lè kanlẹ̀, pàápàá lórí kọnkéré, ó lè fọ́ yángá. Ẹni tó yan gíláàsì ti yan fífọ́ mọ́ ọn. Ìpinnu méjì mìíràn tún wá tẹ̀ lé e. Àkọ́kọ́, wọ́n ti bátìrì iPhone mọ́ inú, kò ṣeé ṣí mọ́ láti ìta. Èkejì, nígbà tó fi di ọdún 2010, wọ́n ti ń lẹ gíláàsì òkè, ibi tó ń gba ìfọwọ́kàn, àti ojú tó ń gbé àwòrán yọ pọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo. Ó ń jẹ́ kí àwòrán mọ́ kedere, kí fóònù sì fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, tí gíláàsì òkè nìkan bá sán, gbogbo ojú fóònù lápapọ̀ ni wọ́n sábà máa ń ní kí a rà.

Ìwọ lo ò mọ̀ ọ́n mú

Oṣù kẹfà ọdún 2010 ni iPhone 4 dé. Irin tó yí etí rẹ̀ ká ni wọ́n fi ṣe áńtẹ́nà. Àlàfo tóóró kan wà níhà ìsàlẹ̀ lápá òsì, tó ya áńtẹ́nà kan kúrò lára èkejì. Bí èèyàn bá fi ọwọ́ òsì di fóònù mú bó ṣe máa ń dì í mú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á bo àlàfo yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì lọ sílẹ̀. Nígbà tí oníbàárà kan kọ̀wé sí Jobs, èsì tó rí gbà ni pé kó má ṣe dì í mú bẹ́ẹ̀. Ẹ wo gírámà ibẹ̀. Ọwọ́ oníbàárà ti di olùwà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, iléeṣẹ́ náà tún ní ìṣirò tó ń gbé ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì jáde ló ti ń parọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tó ń fi ọ̀pá tó ju bó ṣe yẹ lọ hàn. Lọ́jọ́ 16 oṣù keje, wọ́n pe àwọn oníròyìn jọ. Wọ́n ní fóònù àwọn ẹlòmíràn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fún àwọn oníbàárà ní àpò fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Àpò yẹn ṣiṣẹ́, torí ó ń ya ọwọ́ kúrò lára irin. Nígbà tí wọ́n yanjú ẹjọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2012, dọ́là 15 ni oníbàárà tí kò fẹ́ àpò lè gbà. Àwa kọ́? Ẹni tó ra tirẹ̀ ní Ìkẹjà kò sí nínú ẹjọ́ yẹn.

Àrùn ìfọwọ́kàn

Ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jù lójú tèmi ni ti iPhone 6 Plus, tó jáde lóṣù kẹsàn-án ọdún 2014. Fóònù náà fẹ̀, ó sì fẹ́lẹ́, kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń pariwo pé ó ń tẹ̀ nínú àpò ṣòkòtò. Ó ṣe díẹ̀, àìsàn mìíràn yọjú. Ìlà aláwọ̀ eérú kan á máa ṣẹ́jú lókè ojú fóònù, lẹ́yìn náà ojú ọ̀hún kò ní gbọ́ràn sí ìka mọ́. Lóṣù kẹjọ ọdún 2016, iFixit gbé ohun tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ti ń rí jáde, wọ́n sì pè é ní àrùn ìfọwọ́kàn.

Ibi tí àrùn yìí fara pamọ́ sí ni kí ẹ fiyè sí. Kì í ṣe ojú fóònù ló ń ṣàìsàn rárá. Ṣíìpù tó ń túmọ̀ ìfọwọ́kàn wà lórí bọ́ọ̀dù nínú lọ́hùn-ún, òjé kéékèèké bí ẹyin kòkòrò ni wọ́n fi jó o mọ́ bọ́ọ̀dù náà. Bí ara fóònù bá ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, bọ́ọ̀dù á máa bá a tẹ̀, òjé yẹn á sì máa sán. Ẹni tó bá lọ pààrọ̀ ojú fóònù, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Á sanwó, á lo fóònù díẹ̀, ìlà eérú á tún padà.

Lóṣù kọkànlá ọdún yẹn, Apple gbà láti máa tún un ṣe fún dọ́là 149. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí fóònù tó ti já bọ́ sórí ilẹ̀ líle léraléra, tí wàhálà sì tún bá a lẹ́yìn ìyẹn. Ìwọ lo jẹ́ kó já bọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2018, ìwé ilé-ẹjọ́ kan ní California gbé ohun tí iléeṣẹ́ náà ti mọ̀ síta. Kí fóònù náà tó dé ọjà ni àyẹ̀wò tiwọn fúnra wọn ti fi hàn pé iPhone 6 lè tẹ̀ ní ìlọ́po 3.3 ju iPhone 5s lọ, àti pé ti 6 Plus jẹ́ ìlọ́po 7.2. Ìwé kan náà fi hàn pé lóṣù karùn-ún ọdún 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun kan kún abẹ́ ṣíìpù yẹn kó lè dúró gírígírí. Wọ́n ti wo fóònù tuntun sàn kí wọ́n tó gbà pé ti àtijọ́ ń ṣàìsàn.

Òwe wa ní ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Tí ohun kan náà bá ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóònù irú kan náà, a ò lè ní gbogbo ọwọ́ tó di wọ́n mú ló burú.

Iná tí kò ṣeé dá oníbàárà lẹ́bi rẹ̀

Ní ọdún 2016 yẹn kan náà, Samsung gbé Galaxy Note 7 jáde, lóṣù kẹjọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìròyìn ti gbòde pé ó ń gbiná. Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹsàn-án, wọ́n ní àwọn máa pààrọ̀ mílíọ̀nù 2.5. Àwọn tí wọ́n fi rọ́pò náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbiná, ni wọ́n bá dá fóònù náà dúró pátápátá lóṣù kẹwàá. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba fòfin de gbígbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, Samsung sọ ohun tí wọ́n rí. Nínú bátìrì àkọ́kọ́, igun kan ti há jù, ó sì tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ kọrọdọ. Nínú èkejì, ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ yọ ẹnu ṣóńṣó, ó sì gún ohun tó ya ọ̀nà iná méjì sọ́tọ̀. Ẹ rí i, kò sí ẹni tó ní oníbàárà ló dì í mú lódì. Iná ti jẹ́rìí. Èyí ló jẹ́ kí n rò pé àléébù tó léwu jù fún àpò mẹ̀kúnnù ni èyí tí kì í gbiná, tó kàn ń rọra pa fóònù.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ dé lóṣù kejìlá ọdún 2017. Apple jẹ́wọ́ pé àwọn ti ń fi sọ́fítíwíà dín eré àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù, kí wọ́n má bàa máa kú lójijì. Bátìrì tó gbó kò lè fún ẹ̀rọ lágbára tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ohun tó bí àwọn èèyàn nínú ni pé wọn kò là á yé oníbàárà. Ẹni tí bátìrì tuntun ì bá yanjú ìṣòro rẹ̀ ti lọ ra fóònù tuntun. Lẹ́yìn ariwo yẹn, wọ́n mú owó bátìrì wálẹ̀ láti dọ́là 79 sí 29.

Òjìji tó kọ̀ tí kò lọ

Ká má ṣe ṣègbè o. Àwọn àléébù kan wà tó jẹ́ pé ìwà ohun tí wọ́n fi ṣe ojú fóònù ni. OLED, tó wà lójú ọ̀pọ̀ fóònù olówó ńlá báyìí, wá láti inú iṣẹ́ tí Ching Tang àti Steven Van Slyke gbé jáde ní iléeṣẹ́ Kodak lọ́dún 1987. LCD nílò iná lẹ́yìn, OLED kò nílò rẹ̀. Tóótó kọ̀ọ̀kan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dúdú rẹ̀ fi dúdú kirikiri. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń tàn, ó ń gbó. Aláwọ̀ aró ló ń tètè gbó jù nínú wọn. Bí aago, àmì bátìrì àti kíbọ́ọ̀dù bá wà lójú kan náà lójoojúmọ́, àwọn tóótó ibẹ̀ á gbó ju àwọn ará ilé wọn yòókù lọ, òjìji kíbọ́ọ̀dù á sì wà níbẹ̀ kódà nígbà tí a bá ń wo fídíò. Lóṣù kẹwàá ọdún 2017, Google Pixel 2 XL tuntun ti ń ní irú òjìji yìí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Google sọ àtìlẹ́yìn àtúnṣe rẹ̀ di ọdún méjì.

Ìlà gbọọrọ aláwọ̀ ewé tó ń fa láti òkè dé ìsàlẹ̀ tún jẹ́ ti ẹlòmíràn. Okùn iná tín-ín-rín tín-ín-rín ló ń gbé iṣẹ́ lọ bá ìlà tóótó kọ̀ọ̀kan láti etí ojú fóònù. Tí ọ̀kan bá já tàbí tó bá ṣí kúrò níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, ìlà yẹn á ṣìnà títí láé. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ọwọ́ nù ún kúrò.

Nígbà tí Samsung sì gbé Galaxy Fold tó ń ká fún àwọn oníròyìn lóṣù kẹrin ọdún 2019, àwọn kan ṣí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lójú rẹ̀, wọ́n ṣe bí ọ̀rá ìdáàbòbò tí gbogbo wa máa ń ṣí ni. Ara ojú fóònù gan-an ni! Ti àwọn míì bàjẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n ṣí ohunkóhun. Oṣù kẹsàn-án ni fóònù náà tó dé ọjà, wọ́n sì ti fi etí ọ̀rá yẹn pamọ́ sábẹ́ férémù. Ohun tí wọ́n tún ṣe ló fi ẹni tó lẹ̀bi hàn.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́?

Gbogbo dọ́là àti àtìlẹ́yìn tí mo kà sílẹ̀ yìí, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n àwọn fóònù náà kò dúró sí òkè òkun. Wọ́n ń bọ̀ wá sí Computer Village ní Ìkẹjà gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀, pẹ̀lú àléébù wọn, láìsí ìwé àtìlẹ́yìn kankan. Ẹni tó fi owó oṣù méjì rà á, tí ìlà eérú bá yọ lókè, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ ni pé, “Ṣé ẹ jẹ́ kó já bọ́ ni, àbí omi wọ̀ ọ́?” Àmì funfun kékeré kan tilẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tó máa ń di pupa tí omi bá kàn án. Ẹlẹ́rìí tí iléeṣẹ́ fi sílẹ̀ fún ara wọn nìyẹn. Kò sí ẹlẹ́rìí tó ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà níbẹ̀.

Síbẹ̀, a kì í ṣe aláìlófin. Òfin FCCPA ti ọdún 2018 fún oníbàárà ní Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára tí kò sì léwu. Ní Yúróòpù, òfin bátìrì tí wọ́n ṣe lọ́dún 2023 ní láti oṣù kejì ọdún 2027, ó yẹ kí oníbàárà lè yọ bátìrì ẹ̀rọ alágbèéká fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní àwọn tó yọ sílẹ̀. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe ń rọra padà sí ohun tí Nokia 3310 ń ṣe?

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, nígbà tí ẹ bá dé ìsọ̀ oníṣẹ́ fóònù, ẹ má fi “mo ba fóònù mi jẹ́” bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe é, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí ẹ ń fi ṣe nígbà náà. Ẹ bi oníṣẹ́ bóyá irú fóònù yẹn tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé wá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kó fi ojú fóònù mìíràn tó dára dán an wò kí ẹ tó sanwó ojú tuntun. Tí àìsàn náà bá ṣì wà, inú ni ẹ máa wá a sí. Tí bátìrì bá wú tó ń ti ẹ̀yìn fóònù síta, afẹ́fẹ́ tó lè gbiná ló wà nínú rẹ̀: ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má sì kì í mọ́ ṣájà mọ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ ṣí ojú rẹ̀ sí funfun báláú, kí ẹ wá òjìji kíbọ́ọ̀dù nísàlẹ̀, kí ẹ sì fi ìka fa àmì kan káàkiri gbogbo ojú rẹ̀ láti mọ ibi tí kò gbọ́ràn. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó nǹkan lójú owó tí ẹ fẹ́ ná.